Ọbẹ̀ Wà Nídìí Páànù

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni mo sun lónìí, mo fi èso kì í nínú. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Kérésì tó kọjá ni mo kọ́kọ́ dán an wò, ohun tó sì bà á jẹ́ nígbà náà kì í ṣe iná, kì í ṣe iyọ̀, ọkọ mi ni. Mo gbé ẹran kúrò nínú páànù kó lè sinmi, mo ní kí n wọ yàrá díẹ̀, kí n tó jáde, Bàbá Ìbejì ti bu ọṣẹ sí páànù, ó ti fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, ó ń dán gbinrin. Ó ní òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Kí lèèyàn fẹ́ sọ?

Bàbá tó bí ìyá mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé páànù yẹn kì í ṣe ohun fífọ̀. Kúkù òyìnbó ni wọ́n n'Íbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn tíṣà yunifásítì, nígbà tó ṣì ń jẹ́ University College, kí ọdún 1962 tó dé. Bí wọ́n bá ń sọ̀tàn iṣẹ́ wọn, tí wọ́n bá débi páànù, ohùn wọn á lọ sókè: "Ẹ má fọ̀ ọ́ o! Ọbẹ̀ wà nídìí ẹ̀."

Alápatà tí mo máa ń bá rajà ní Rye Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, kì í ta ẹlẹ́dẹ̀, halal ni tiwọn, torí náà mo wọ bọ́ọ̀sì lánàá. Ẹran ẹ̀yìn ni mo rà, 1.8 kg, wọ́n ti yọ eegun rẹ̀ àmọ́ awọ ṣì wà lára ẹ̀. Mo kọ awọ náà nílà bí ẹni ń kọ àbàjà, mo fi iyọ̀ pa á, mo gbé e sínú fíríìjì mọ́jú láìdé e. Bí omi ara awọ ò bá gbẹ, pọ̀nmọ́ lásán lèèyàn máa jẹ. Mi ò kórìíra pọ̀nmọ́ o, àmọ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ tó ń yọ̀ lẹ́nu, rárá.

Láàárọ̀ mo fi bọ́tà dín àlùbọ́sà, mo da èso ápù méjì tí mo gé wẹ́wẹ́ sí i, plum gbígbẹ 150 g, táìmù, àti búrẹ́dì rírún. Mo la ẹran bí ẹni ń ṣí ìwé, mo tẹ́ ẹ, mo da èso sí i láàárín, mo ká a bí ẹní. Mo kì í jù. Kí n tó so okùn kẹta, plum kan ti yọjú lápá òsì bí ọmọ tó ń yọ ahọ́n síni.

Ìṣẹ́jú 30 nínú ófúnù ní 220°C kí awọ lè gan, mo wá dín in kù sí 180. Ibi ìparí ló máa ń le fún mi. Nílé wa, ẹlẹ́dẹ̀ tí ò bá tíì le bí okùn, aràn ṣì wà nínú ẹ̀, ọwọ́ mi sì ń yún mi láti fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan sí i. Tẹmómítà ló gbà mí. Nígbà tó pé 70°C ní àárín gbùngbùn, níbi tí èso wà, tó sì dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, mo yọ ọ́.

Mo wá dúró ti páànù bí ọlọ́dẹ. Bàbá Ìbejì yọjú sí kíṣìnì, ó rí ojú mi, ó padà. Mo da ọ̀rá inú rẹ̀ nù, ó ku bíi ṣíbí kan, mo tan iná sábẹ́ rẹ̀, mo da sáídà, ọtí èso ápù, 300 ml sí i. Ó hó ṣàà! Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣíbí onígi ha èépá tó lẹ̀ mọ́ ìdí páànù, ó ń tú díẹ̀díẹ̀, omi náà ń pọ́n bíi tíì tí ò ní mílíìkì. Àwọn èso tó ti jò jáde tú mọ́ ọn. Òórùn ìdí ìkòkò ìrẹsì òde àríyá ló gba ilé. Ó fà dé ìdajì, mo ro mọ́sítádì díẹ̀ àti bọ́tà tútù pọ̀ mọ́ ọn. Ó kan, ó dùn, ó sì ní iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti awọ, apá ọ̀tún ń ró gbàràgbàrà lẹ́nu, apá òsì tí omi èso jò sí di pọ̀nmọ́. Táíwò ṣa gbogbo plum jáde, ó tò wọ́n sí etí abọ́. Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ ata. Mo gbé ata díndín wá.

Lálẹ́ yìí ni mo pe Màámi, mo ròyìn fún wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. "Níbo ni Bàbá ti máa rí ápù n'Íbàdàn? Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ń kì sínú ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ sè é ná, torí tútù ẹ̀ máa ń jẹ ẹran."

Òótọ́ ni. Èròjà kan wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù, bromelain, tó máa ń tú ẹran títí á fi rà, iná ló sì ń pa á. Kò sẹ́ni tó kọ́ Bàbá ní kẹ́místírì.

"Ọbẹ̀ ọ̀hún ńkọ́? Ṣé o fi díẹ̀ pa mọ́?"

"Ó ti tán, Màámi. Páànù ló kù."

Mo ké sí Bàbá Ìbejì pé kó máa bọ̀ wá fọ̀ ọ́.