Nígbà tí Owó Yunifásítì Dé Ṣáájú Owó Àjọ

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta mí lọ́rẹ. Láti ìgbà tí àkọ́bí mi obìnrin ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń dá àjọ nítorí yunifásítì rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ pé mo ti ṣe ojúṣe bàbá. Ní ọdún 2021 tí ó rí ààyè, àwa méjìlá ni a wà nínú àjọ náà, oṣù kẹsàn-án ni ó sì kàn mí láti kó. Oṣù kẹta ni orúkọ ọmọ jáde, ilé-ẹ̀kọ́ sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti san owó tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba ààyè rẹ̀, kí a tó wá sọ̀rọ̀ ilé tí yóò máa gbé. Mo lọ bá ìyá kan tó ń ta íǹkì, ẹni tí ó kàn láti kó lóṣù náà. Ó gbà kí a pààrọ̀, ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù òun náà ti pé, nítorí náà ó ní kí n wá ìdajì owó náà fún òun lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gé pépà ni mo tà. Fún ọdún mélòó kan, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni mò ń ru iṣẹ́ lọ gé, tí mò ń sanwó lórí ohun tí ọwọ́ ara mi ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Èmi kò bá àjọ jà. Owó tí a bá ti mọ ọjọ́ ìnáwó rẹ̀, bí owó ilé tàbí aṣọ ọdún, àjọ ló tọ́ sí i, nítorí ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni kì í jẹ́ kí èèyàn yẹ̀. Ṣùgbọ́n owó yunifásítì kò ní ọjọ́. Ìgbà tó bá wu ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń gbé orúkọ jáde, àti pé ọdún kan náà ni owó WAEC, owó NECO, fọ́ọ̀mù JAMB, ìdánwò àṣewọlé ti yunifásítì fúnra rẹ̀, owó ààyè, bẹ́ẹ̀dì àti kọ̀ǹpútà máa ń dà bo òbí. Ohun tó ń tàn wá jẹ ni pé yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn owó yòókù tí wọ́n ń gbà kò kéré. Ìdí nìyí tí èmi àti ìyàwó mi fi ya owó ọdún àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ báyìí, tí a kò sì pa á pọ̀ mọ́ ti àwọn ọdún yòókù.

Ẹ má sì fi iye tòní ṣírò ti ọ̀la. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Yunifásítì Èkó kéde pé owó tí ó ti wà ní ₦19,000 yóò kọjá ₦100,000. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2011, LASU, yunifásítì ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ti gbé tirẹ̀ kúrò ní ₦25,000 lọ sí àárín ₦193,750 sí ₦348,750, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó dá a padà sí ₦25,000 ní ọdún 2014. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wọlé láàárín ọdún mẹ́ta yẹn ló mọ bó ṣe rí. Iye ọdún pàápàá kò dúró lójú kan: ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, ọmọ mi padà sí Ṣómólú, ṣùgbọ́n onílé rẹ̀ kò bá wọn yanṣẹ́ lódì.

Níbo wá ni kí á kó o sí? Owó wa ní ìdí iṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í wọlé bákan náà lóṣooṣù. Àsìkò kàlẹ́ńdà, láti oṣù Kẹwàá títí di Kejìlá, àti ọdún ìdìbò, ni a máa ń rí i, nítorí náà ni mo fi jáwọ́ nínú ìlérí oṣooṣù, tí mo ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó kàlẹ́ńdà kí n tó kó o délé. Mo kọ́kọ́ ń fi ra pépà pamọ́, nítorí bí dọ́là bá gòkè, pépà a tẹ̀lé e. Ó dára, títí òjò fi wọ inú ilé ìkópamọ́. Ní báyìí, bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀ (owó tí èèyàn yá ìjọba, tí ìjọba ń san èlé lé), tí DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2017, ni mò ń rà fún àbíkẹ́yìn mi. ₦5,000 ni ó kéré jù, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń gbà kó tó pé, èlé sì ń wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé kò rọrùn fún mi láti sáré yọ ọ́ nígbà tí oníbàárà bá jẹ mí ní gbèsè.

Ọmọkùnrin mi, ìkejì, wọlé lẹ́yìn tí ìjọba ti fọwọ́ sí òfin NELFUND, ètò tí ìjọba fi ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Mo kọ́kọ́ yarí, torí gbèsè lọ́rùn ọmọ tí kò tíì ríṣẹ́ kò dùn mọ́ mi nínú. Ìyá rẹ̀ ló bi mí bóyá ẹ̀rọ mìíràn tún wà tí mo fẹ́ tà. Owó yìí kò ní èlé, àpò ilé-ẹ̀kọ́ gan-an ni wọ́n ń san án sí, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí sísan tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ìwọ̀fà bí mo ti ń pariwo. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún ṣá o, ẹni tó ń lọ sí ti aládàáni kò lè gbójú lé e.

Yunifásítì aládàáni ni ọmọ náà gan-an fẹ́. A jókòó, mo gbé ìwé ìṣirò wa ka iwájú rẹ̀, mo ní kó fúnra rẹ̀ ròpọ̀. Nígbà tí ó rí i pé owó ọdún kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lè san, ó béèrè ohun tí yóò ná wa bí ó bá ń ti ilé lọ sí Yunifásítì Èkó ní Akọka. Àárọ̀ ló máa ń jáde nísinsìnyí, ó sì máa ń bá mi gba iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ó bá dé.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo ra ẹ̀rọ ìgépépà mìíràn, tòkunbọ̀. Ìyàwó mi ti kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìṣirò náà, lábẹ́ àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ tà.