Bí ọkùnrin wo?

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá.

Ó yẹ kí n ti sùn. Èbúté-Mẹ́ta ni mo wà láàárọ̀, mo yà ra ata ní Ọyìngbò, mo délé, mo jẹun. Ọjọ́ náà ò ju báyẹn lọ. Àmọ́ màmá tí mo bá ṣiṣẹ́ sọ gbólóhùn kan, kò sì kúrò létí mi láti ọ̀sán.

"Háà! Obìnrin bí ọkùnrin!"

Oríyìn ni. Mo mọ̀ pé oríyìn ni. Mo tiẹ̀ kúnlẹ̀ gbà á bí ẹni gba àdúrà, mo ní "Ẹ ṣé gan-an, mà," ọmọ iṣẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ìgbà tí dánfó gbé mi dé Yábàá ni nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Bí ọkùnrin wo?

Kí ni mo ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ kí n tò ó sílẹ̀ kí èmi náà lè rí i. Ínfátà wọn, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ni kì í gbé firíìjì. Bí firíìjì bá ti ta kìjí báyìí, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Bátìrì mẹ́rin ni, 12V ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n so wọ́n tẹ̀lé ara wọn kó lè di 48V. Mo fi mítà tí a fi ń wọn iná sí wọn lẹ́nu níkọ̀ọ̀kan: 12.6, 12.7. Kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn. Mo ní kí wọ́n tan firíìjì, mo tún wọn bátìrì wò: wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo wá gbé mítà lọ sẹ́nu ínfátà: ó já wálẹ̀ sí 41. Á jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni iná ń ṣòfò sí. Mo pa gbogbo ẹ̀, mo fọwọ́ kan àwọn wáyà wò, ọ̀kan gbóná janjan. Nọ́ọ̀tì kan ló dẹ̀. Ẹnu wáyà ò dìmọ́ bátìrì, iná ń di ooru níbẹ̀, ooru sì ti yọ́ awọ wáyà. Mo gé ibi tó jó, mo fi ẹnu tuntun sí i, mo fi sípánà 13 dì í. Ó tán.

Sípánà 13! Ọmọdé pàápàá lè dì í.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin ni. Ó ní bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú, kí wọ́n lọ ra tuntun. Ṣé bíi tìyẹn ni mo ṣe?

Mo bú sẹ́rìn-ín nínú dánfó nígbà tí mo rò ó débẹ̀. Ẹni tó jókòó tì mí sún díẹ̀.

Àmọ́ n ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ìyá ìyá mi máa ń fi ki mi bẹ́ẹ̀ tí mo bá gun igi ọsàn wọn, orí mi á wú. N ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í há mi lọ́fun.

Bóyá èdè wa náà ni. Nǹkan tó bá ti le, akọ ni: akọ òkúta, akọ òjò, akọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnu wáyà sólà lórí òrùlé ní akọ, ó ní abo, bí wọn ò bá sì wọnú ara wọn kí wọ́n dún "kẹ́", ẹ ò lè rí iná kankan. Ẹ má bínú, oorun ló ń kùn mí. Àmọ́ "ọkùnrin bí obìnrin" ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ nínú oríkì ẹnikẹ́ni rí? Èébú ni.

Màmá yẹn fúnra wọn lọ sí Queen's College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin l'Ékòó, wọ́n ń yangàn pé ibẹ̀ ni Grace Alele-Williams náà lọ. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Òun ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ní 1963, ìṣirò ló sì yàn láàyò. Nígbà tó di 1985, wọ́n fi í ṣe gíwá Yunifásítì Benin, obìnrin kankan ò sì jẹ gíwá rí ní Nàìjíríà. Ó dá mi lójú pé ẹnìkan á ti pe òun náà ní obìnrin bí ọkùnrin. Ta ni wọ́n wá fi í wé?

Ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀ńjìníà Nàìjíríà sì nìyẹn, 1958 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó di 2024 kí obìnrin tó jókòó lórí àga ààrẹ, Margaret Oguntala. Mo hó yèè lọ́jọ́ yẹn.

Ó ti fẹ́ rọlẹ̀ nínú mi kí n tó rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Sùúrùlérè, ilé alájà méjì, ọmọ IT wa, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, wà láàárín àkàbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi wà nísàlẹ̀, mo fọwọ́ lérán. Mo pariwo sí i: "Gùn ún jàre, ṣe bí ọkùnrin!"

Ó gùn ún. Ó ṣe gbogbo iṣẹ́ tó wà lókè. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun ọ̀sán, mo sì rò pé oòrùn ni.

Èmi tí mo ti ń bá màmá onímàmá jà láti ọ̀sán.

Kí ni ǹ bá tiẹ̀ sọ? "Rọra"? Bóyá kò yẹ kí n sọ nǹkan kan. Àkàbà ló yẹ kí n bá a dì mú.

Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi báyìí: "Ẹ kú alẹ́ o, ọ̀gá mi. Ṣé kí n mú sípánà tèmi wá lọ́la?" Mo kọ èsì gígùn, mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́.

Mo ní kó mú 13 wá. Tèmi wà lórí àga nílé màmá Èbúté-Mẹ́ta, ibẹ̀ ni mo gbàgbé ẹ̀ sí.