Kí ẹ tó gbé preamp onítúùbù wọ pálọ̀ ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ orin, ohun tí ọ̀pọ̀ yín máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé túùbù wo (ìyẹn gíláàsì tó ń gbóná, tó ń gbé ohùn sókè) ló dùn jù. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kó kẹ́yìn. Níbi tí a wà yìí, iná ló kọ́kọ́ ń pinnu bí preamp onítúùbù (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn kó tó dé power amp) ṣe máa pẹ́ tó. Lẹ́yìn iná, ó kan bóyá preamp náà bá power amp yín (ẹ̀rọ tó ń fún spíkà ní agbára) mu. Èyí tó bá yege nínú méjèèjì, túùbù tuntun tí owó rẹ̀ kò pọ̀ máa dún dáadáa nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá yege, kò sí túùbù àtijọ́ tó lè gbà á là.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iná bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin, tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè 1,320 megawatt, ìtòsí wa níbí ló wà. Síbẹ̀ iná ọba tó ń wọ ọ̀pọ̀ ilé láti Agric dé Èbúté kì í dúró lójú kan, ó sì máa ń dùn mí. Ẹ má fi bí gílóòbù ṣe mọ́lẹ̀ tó wọn iná. Ẹ fi mítà wò ó láàárọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, àti lọ́gànjọ́ òru, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé kékeré yẹn wúlò ju ìpolówó èyíkéyìí lọ.

Ìdí rẹ̀ rèé. Wáyà tín-ínrín kan wà nínú túùbù tó ń gbóná, híità là ń pè é, òun ló ń mú cathode (irin tó ń tú iná jáde) gbóná kí iná lè fò láti ibẹ̀ lọ sí plate (irin tó ń gbà á). ECC83, túùbù kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 12AX7, ń fẹ́ fóltì 6.3 fún híità rẹ̀ tí a bá so ó bí ọ̀pọ̀ preamp ṣe ń so ó. Àyè tó wà níbẹ̀ kò ju ìdá mẹ́wàá sókè tàbí ìdá mẹ́wàá sísàlẹ̀ lọ, ìyẹn láti 5.7 dé 6.9. Tí wọ́n bá ṣe tránsífọ́mà fún 230, tí iná wá jẹ́ 180, híità ń gba 4.9. Tí iná bá fò dé 260, ó ń gba 7.1. Nígbà tó kéré jù, cathode kò ní gbóná tó, ohùn á fẹ́lẹ́, bó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ojú cathode á bàjẹ́. Nígbà tó pọ̀ jù, ọjọ́ ayé túùbù á kúrú. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò náà padà sẹ́yìn, ẹ máa rí i pé iná tó wọ preamp kò gbọdọ̀ kúrò láàárín 207 sí 253.

Nítorí náà, sítàbíláísà ṣáájú túùbù. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó ń lo rílè máa ń ta ká, ká, ká bí iná ṣe ń lọ sókè sódò, fóltì tó ń gbé jáde sì ń fò láti ìpele kan sí òmíràn. Títa yẹn máa ń wọ inú spíkà. Èyí tó ń lo mọ́tò, tí wọ́n ń pè ní servo, rọ̀ ju ìyẹn lọ, ohun tó ń gbé jáde sì máa ń sún mọ́ 230 gan-an, àmọ́ búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ń jẹ, eruku ọyẹ́ sì ń tètè pa á. Servo ni mo fara mọ́. Kò nílò kó tóbi. Híità ECC83 kan kò jẹ ju wáàtì 2 lọ, gbogbo preamp onítúùbù mẹ́rin sábà máa ń wà láàárín wáàtì 20 sí 40. Servo 1,000 VA á gbé preamp àti ẹ̀rọ CD láìmí. Power amp ni kí ẹ wá tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Tó bá jẹ́ ínfátà lẹ ń lò, kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára. Èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ máa ń mú tránsífọ́mà kùn gan-an, iná gíga inú preamp kò sì ní rí bí ẹni tó ṣe é ṣe fẹ́ kó rí, kódà tí mítà bá ń sọ fún yín pé 230 ló wà níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ńkọ́? Ẹ má so preamp mọ́ ọn láìsí sítàbíláísà láàárín, nítorí ìgbà tí fíríìjì bá wọlé ni fóltì máa wálẹ̀, ìgbà tí fíríìjì bá sì jáde ló máa fò sókè.

Bí iná bá lọ, ẹ pa bọ́tìnnì preamp lójú ẹsẹ̀. Bí iná bá dé, ẹ jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tan ohunkóhun. Iná tó ń padà bọ̀ ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù.

Ó ku ti ìbáramu. Ẹ ṣí ìwé ẹ̀rọ méjèèjì, ẹ wá output impedance ti preamp, ẹ wá input impedance ti power amp. Impedance ni bí ẹ̀rọ ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, ohm la fi ń wọ̀n ọ́, k sì túmọ̀ sí ẹgbẹ̀rún ohm. Ti power amp gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti preamp, ó kéré tán. Preamp tí ohùn ti ń jáde lẹ́sẹ̀ cathode, èyí tí à ń pè ní cathode follower, sábà máa ń wà ní ọgọ́rùn-ún ohm mélòó kan, power amp tó máa bá a jà ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ èyí tí ohùn ti ń jáde tààrà láti plate ECC83 lè tó 40k. Tí ẹ bá so irú rẹ̀ mọ́ power amp tí input rẹ̀ jẹ́ 10k, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohùn náà ló sọnù lójú ọ̀nà, ẹ ó sì máa bú túùbù tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Béèsì tún wà níbẹ̀. Kapásítọ̀ kan máa ń wà lẹ́nu ibi tí ohùn ti ń jáde, òun àti input power amp ló jọ ń pinnu ibi tí béèsì ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ẹ fi 6.28 × R × C pín 1 (R ni input impedance power amp ní ohm, C ni kapásítọ̀ náà ní farad). Kapásítọ̀ 0.47 µF pẹ̀lú 47k á fún yín ní 7 Hz, kò séwu. Kapásítọ̀ kan náà pẹ̀lú 10k á fún yín ní 34 Hz. Okùn tó nípọn jù nínú gìtá béèsì ń dún ní 41 Hz, ìyẹn ni pé àdánù náà ti kan òun náà. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù power amp class D tí wọ́n ń tà nísinsìnyí, input wọn kò ju 10k sí 20k lọ. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi irin gbígbóná jó wáyà pọ̀ lè fi kapásítọ̀ film 2.2 µF, fóltì 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, rọ́pò rẹ̀. Ó máa mú 34 Hz yẹn wálẹ̀ sí 7 Hz.

Agbára tí preamp fi ń gbé ohùn sókè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà ní àràjù. Ẹ̀rọ CD ń gbé fóltì 2 jáde. Ọ̀pọ̀ power amp kò nílò ju 1 sí 2 lọ láti dé òpin agbára wọn. Tí preamp bá wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, bọ́tìnnì fólúùmù kò ní kúrò níbi aago mẹ́sàn-án kí ilé tó mì, ibẹ̀ gan-an sì ni òsì àti ọ̀tún kì í ti í dọ́gba nínú fólúùmù. Ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin tó. Ìdí nìyẹn tí ECC82 tàbí 6SN7, tí agbára tiwọn wà ní nǹkan bí 20, fi máa ń wù mí fún iṣẹ́ yìí ju ECC83 tó jẹ́ 100 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àwo àtijọ́, àwo àpàlà tàbí sákárà ti àwọn bàbá wa, nílò apá mìíràn tó ń jẹ́ phono: abẹ́rẹ́ MM (oríṣi abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀) kì í gbé ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún fóltì kan jáde, ó fẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, input 47k, àti àtúnṣe RIAA tó ń dá béèsì inú àwo padà sípò. Tí kò bá sí phono lára preamp náà, ẹ mọ̀ pé owó mìíràn ń bọ̀.

Tí ẹ bá dé ọjà, yálà Alaba ni o tàbí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà. Tòkunbọ̀ láti Japan sábà máa ń jẹ́ 100 fóltì, ti Amẹ́ríkà 120. Ẹ so ó mọ́ iná wa lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹ tún wo ìmọ́lẹ̀ inú túùbù. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n fi LED aláwọ̀ ọsàn sábẹ́ túùbù kó lè dà bíi pé ó gbóná. Ẹ pa iná ẹ̀rọ náà kí ẹ máa wò ó: LED á kú lójijì tàbí kó kàn ṣẹ́jú kú, àmọ́ híità gidi á pọ́n, á ṣú, á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kó tó kú. Kò túmọ̀ sí pé túùbù inú èyí tó ní LED kò ṣiṣẹ́. Ó kàn túmọ̀ sí pé ẹ kò gbọdọ̀ sanwó ìmọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tàn án, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi mítà sí DC wọn ibi tí ohùn ti ń jáde, òsì àti ọ̀tún, kí ẹ tó so ó mọ́ nǹkan kan. Ó yẹ kó sún mọ́ òdo. Tó bá ń ka fóltì gidi, kapásítọ̀ ti ń jò. Irú DC bẹ́ẹ̀ lè gba inú power amp kọjá kó lọ jó spíkà. Tó bá mọ́, ẹ so ó, ẹ fi ìdí pẹ́ńsù kan túùbù kọ̀ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó bá ń dún gbangba nínú spíkà ti di etí, kò dáa níbi tí ohùn ti ń wọlé. Ẹ wo fàdákà tó wà lórí inú gíláàsì: tó bá ti funfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, túùbù ti kú. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára gíláàsì kì í ṣe ẹ̀rí, torí wọ́n máa ń pa á rẹ́ tẹ òmíràn.

Ẹ má kàn máa fi túùbù kan rọ́pò òmíràn nítorí pé ẹsẹ̀ wọn jọra. ECC88 náà ní ẹsẹ̀ 9 bíi ti ECC83, ó sì máa wọlé wẹ́rẹ́. Àmọ́ híità ECC83 wà lórí ẹsẹ̀ 4, 5 àti 9, ti ECC88 wà lórí 4 àti 5 nìkan. Níbi tí wọ́n ti so 4 mọ́ 5 fún 6.3, ECC88 kò ní tan rárá. Níbi tí wọ́n ti gbé 12.6 sáàárín 4 àti 5, híità rẹ̀ á jó.

Títàn àti pípa ní ètò: preamp kọ́kọ́, ìṣẹ́jú kan, kí power amp tó tẹ̀lé e. Nígbà pípa, power amp ló máa kọ́kọ́ kú. Ẹni tó bá yí i padà máa gbọ́ gbì nínú spíkà lójoojúmọ́, kóònù spíkà kò sì ní gbà á títí láé.

Tó bá ń kùn, ẹ tẹ́tí dáadáa kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ìkùn 50 Hz, tó jinlẹ̀, sábà máa ń wá láti wáyà tàbí látinú wáyà ilẹ̀ (earth) tó gba ọ̀nà méjì. Ìkùn 100 Hz, tó ga díẹ̀, tó sì ń ta létí, sábà máa ń wá láti kapásítọ̀ ńlá inú ẹ̀rọ tó ti gbẹ. Fún àkọ́kọ́, ẹ yọ wáyà díìṣì tẹlifíṣọ̀n kúrò lára díkódà. Tí ìkùn bá dákẹ́, ibẹ̀ ni. Ẹ gba iná gbogbo ẹ̀rọ láti ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí ẹ sì gbé preamp jìnnà sí tránsífọ́mà sítàbíláísà. Ẹ má yọ wáyà ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì láti fi pa ìkùn. Tí ohùn apá kan bá rẹ̀ tàbí ó ń ta pàràpàrà, ẹ pa á, ẹ pààrọ̀ túùbù òsì sí ọ̀tún. Bí àìsàn náà bá tẹ̀lé túùbù, túùbù ni. Bí kò bá tẹ̀lé e, ẹ wá a níbòmíràn.

Èyí tó tẹ̀lé yìí, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iná gíga inú preamp onítúùbù wà láàárín fóltì 200 sí 300 DC, kapásítọ̀ sì lè mú un dání lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi mítà wọn kapásítọ̀ ńlá. Tí iná bá ṣì kù, ẹ fi rẹsísítọ̀ 10k, wáàtì 5, tí wáyà rẹ̀ ní awọ dáadáa, fà á wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ tún wọ̀n ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ kan ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́, kí ìkejì wà lápò. Ẹ má fi sukúdíráífà kàn án pọ̀. Ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ẹ so gílóòbù oníwáyà 60 wáàtì sójú ọ̀nà iná rẹ̀ kí ẹ tó tàn án. Tí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ gan-an tí kò rọ̀, nǹkan ti gán nínú rẹ̀. Fíúsì tó bá sì jó, iye tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fi dí i. Wáyà tí àwọn kan máa ń yí mọ́ fíúsì ló ń sọ àìsàn kékeré di iná nínú ilé.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó ń fẹ́ wá lójúmọmọ ń ba ẹsẹ̀ túùbù jẹ́, ti etí òkun Badagry tún le ju tiwa lọ nítorí iyọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn òjò àti lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ó tutù pátápátá, ẹ di gíláàsì mú, ẹ fà á sókè gbọọrọ. Búrọ́ọ̀ṣì eyín kékeré àti contact cleaner tó fún ẹsẹ̀ àti ihò. Ẹ fi àwọ̀n tín-ínrín bo ihò afẹ́fẹ́ abẹ́ ẹ̀rọ, torí ọmọńlé àti aáyán fẹ́ràn ibi tó gbóná, òkú ọmọńlé kan lórí iná 250 sì tó láti jó rẹsísítọ̀. Òkè ẹ̀rọ nílò àyè 10 cm ó kéré tán. Ẹ má gbé díkódà lé e lórí.

Túùbù kékeré tó dáa lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbọ́ orin fún wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ máa lo ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ kó tó jẹ 5,000. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi wọlé sára páálí rẹ̀, kí ẹ ra ẹyọ méjì tó bára mu sílẹ̀ nígbà tí owó bá wà lọ́wọ́. Túùbù JJ tí wọ́n ń ṣe ní Slovakia tó fún ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ti ní servo, tí ìbáramu ti dúró, tí spíkà kò fara ti ògiri, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá bi mí léèrè ti Mullard, túùbù àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.