Ẹ má parọ́ fọ́mọ pé kò ní dùn ún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Lọ́dún tó kọjá ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 4, ṣubú létí gọ́tà, iwájú orí ẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ojú, ọ̀kadà ni mo gbé e gùn dé ọsibítù kan nítòsí ilé. Èèyàn 4 ló dì í mọ́lẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí n bọ́ síta torí tó bá ń rí mi á máa ṣàgídí. Wọ́n kàn ń rán an báyẹn ni o, láìfún un lábẹ́rẹ́ tó máa jẹ́ kí ojú ibẹ̀ kú! Wọ́n ní sítíìsì 3 péré ni. Mo ń gbọ́ ọ látìta, "mọ́mì mi o, mọ́mì mi o", títí ohùn ò fi jáde mọ́. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun, ì báà jẹ́ ará Sẹ̀lẹ́ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀, ọmọ mi á sá wọ abẹ́ tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú Ọba bú mi dáadáa. "Ìwọ náà wá dúró síta?" Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, jẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n máa ń fi sójú egbò, tí wọ́n á fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí abẹ́rẹ́ kankan tó kàn án, pé ọmọ ọwọ́ tó bá fẹ́ gbabẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ìyá ẹ̀ fi sọ́mú, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gan-an sọ bẹ́ẹ̀ ní 2015. Ẹ tún gbọ́ èyí: títí di àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà kan gbà pé ọmọ tuntun kì í mọ ìrora, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn pẹ̀lú oògùn tí ò tó nǹkan. Ọmọ tí ẹ̀fọn jẹ tó ń ké!

Àwa òbí náà jẹ̀bi ṣá. Ta ni ò tíì sọ ọ́ rí, "jẹun, àbí kí n pe nọ́ọ̀sì kó wá gún ẹ lábẹ́rẹ́"?

Lóṣù tó kọjá ó tún fẹsẹ̀ gún ìgò. Ọsibítù mìíràn la lọ. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ó jẹ́ kí ibẹ̀ kú kẹ́ ẹ tó rán an?" Wọn ò ní jẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n wọ́n ní lidocaine, oògùn tó ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ kú, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì dúró kó ṣiṣẹ́. Orí itan mi ló jókòó sí, ó kọjú sí mi. Mo ti sọ fún un pé á ta á bí ìgbà tí kòkòrò ta èèyàn, á sì tán. Ó ké o, ó ké nígbà tí abẹ́rẹ́ yẹn wọlé, ìyá ọkọ mi sì ń kì í létí, "Àkànní, ọkọ mi, pẹ̀lẹ́ o", àfi bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù sí i lára.

Nígbà tí dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn, ọmọ mi yọjú wò ó, ó ní ṣé òwú ìyá télọ̀ àdúgbò wa nìyẹn.