Bí Mo Ṣe Sọ Gbogbo Kóòdù Di Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹni tó bá fi ọkọ́ gé ẹ̀gẹ́ mọ́ koríko lóko bàbá mi, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, bàbá mi kì í pè é sí ọ̀wẹ̀ mọ́. Ó ní kí ẹni tó bá wá ran òun lọ́wọ́ kọ́kọ́ béèrè èwo ni irè oko, èwo ni koríko. N kò rántí ọ̀rọ̀ yìí lálẹ́ ọjọ́ tí mo dara pọ̀ mọ́ àwọn kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́ àkọtọ́ Yorùbá sọ́nà, láìgba kọ́bọ̀.

Àwọn fúnra wọn ti kọ ọ́ síta pé nínú àkójọ orúkọ ìlú, "Ijebu-Ode" kò ní àmì. Iṣẹ́ ìlà kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ìlú mi bí ọkùnrin tó lọ sí Ojúde Ọba láìdé fìlà, inú bí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó wá gbogbo "Ode" tó wà nínú gbogbo fáìlì, kó sì fi "Òde" rọ́pò wọn, láìmọ̀ pé mo ti ní kó má ṣe fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré. Ó ní òun ti tún fáìlì 143 ṣe. Orí mi wú. Ó yẹ kí n dán an wò, nítorí wọ́n ti kọ bí a ṣe ń ṣe é sínú fáìlì àlàyé tí wọ́n ń pè ní README, àmọ́ bátìrì ti fẹ́ kú, wọn kò tíì mú iná wá láti àárọ̀, ìyàwó mi sì ń pariwo pé ìkọ́kọrẹ́ ń tutù. Mo kọ "Mo ti tún un ṣe", mo sì fi pull request mi, ìyẹn ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba àtúnṣe mi wọlé, ránṣẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àmì pupa tó ń fi àṣìṣe hàn ló kún ojú ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. "Code" ti di "CÒde", "mode" ti di "mÒde". Unicode pàápàá, tó fún ọ, ẹ àti ṣ ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀, ti di "UnicÒde", àfi bí ẹni pé ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú ni. Ọpẹ́lọpẹ́ Git, ètò tó ń tọ́jú oríṣiríṣi ẹ̀dà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí Linus Torvalds ṣe ní ọdún 2005: ẹ̀dà tèmi nìkan ni mo bà jẹ́, àtúnṣe mi ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà de ẹni tó ni ilé.

Onílé náà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan ní Ìbàdàn, tó ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ó kọ̀wé pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fi díẹ̀ sílẹ̀ fún Ìbàdàn?" Lẹ́yìn náà ló fara balẹ̀ tọ́ka sí ìlà tó yẹ kí n fọwọ́ kàn. Ojú tì mí, nítorí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni mo fi ba fáìlì 143 jẹ́, ẹni tí a kò sanwó fún ló sì jókòó tó ń kà wọ́n.

Mo gba ẹ̀dà tuntun, mo tún ìlà kan náà ṣe, mo dán an wò, mo ṣàlàyé ohun tí mo ṣe àti ìdí rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti gbà á wọlé. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú, ó ka àmì ohùn mẹ́rin àti àmì ìsàlẹ̀ kan.

Ó ní, "Olówó orí mi, ṣé torí ìwọ̀nyí ni ìkọ́kọrẹ́ mi ṣe dì bí òkúta?"