Iná pupa inú Ìjàpá, ẹ má fojú di í

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa Volkswagen Ìjàpá lọ́nà Kàbà sí Ìsánlú, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ni ẹjọ́ tí mo gbé wá. Lóṣù tó kọjá, mo ti Mọ̀pà jáde, iná pupa dáínámò (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná) tàn, mo ní bátìrì ni, kí n ṣáà délé ná. Ó ṣì ń dùn mí.

Bí bẹ́líìtì Pijó 504 bá já, omi ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì tí yóò gba ooru díẹ̀ mọ́ra. Ìjàpá kò lómi, kò ní gééjì ooru. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí dáínámò, ìdí dáínámò yẹn náà ni fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì wà. Ó já, iná pupa tàn, atẹ́gùn tán. Òórùn ọ́ìlì tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ọkọ̀ ò gun òkè mọ́, ó wá gan pa: pístìnì ti wú há sínú sílíńdà. Wọ́n ti pààrọ̀ wọn, ó ń lọ.

Ẹni tó bá ní ó yẹ kí n mọ̀, òótọ́ ni. Fálífù ni mo máa ń ṣọ́ (àlàfo rẹ̀, mìlímítà 0.15, tí ẹ́ńjìnnì bá tutù), àti ọ́ìlì rẹ̀, lítà 2.5, tí mo ń pa dà ní kìlómítà 5,000 torí kò ní fílítà, asẹ́ lásán ló ní.

Ní ti eré àti ẹrù, Pijó jù ú lọ, ẹ́ńjìnnì 2.0 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì agbára Ìjàpá 1600. Àmọ́ ẹ ó máa bá rédíétọ̀ àti hóòsì yí, bí omi bá sì tán, hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó.

Fún Ìjàpá, ẹ fi bẹ́líìtì tuntun, sípánà 21 àti sìkúrúdíráfà sínú ọkọ̀. Iná bá tàn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ ki sìkúrúdíráfà bọ ojú ihò púlì dáínámò (kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì wé mọ́) kó má yí, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ yọ abala púlì tòde. Wáṣà pẹlẹbẹ tó wà láàárín abala méjèèjì ló ń pinnu bí bẹ́líìtì ṣe máa le: ẹ yọ ọ̀kan, á le, ẹ dá a pa dà, á dẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá yọ, ẹ fi sábẹ́ nọ́ọ̀tì, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì, kó wọlé bíi mìlímítà 15. Bó bá le jù, á ba bẹ́árìnnì dáínámò jẹ́. Mo tún sọ ọ́: iná yẹn bá tàn, ẹ má ní ẹ fẹ́ délé ná.