Ta Ni Ká Lọ Rí ní Spamhaus?

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Wuse bi mí nìyẹn nígbà tí ímeèlì ilé-iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá: "Àbúrò, ta ni ká lọ rí? Èló ni wọ́n máa gbà?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àbújá la wà. Ibi tí fáìlì bá há sí níbí, ẹnì kan ló jókòó lé e. Ṣùgbọ́n Spamhaus, àjọ tó ń ṣe blacklist (àkọsílẹ̀ ibi tí ímeèlì àìbéèrè ti ń wá, tí àwọn tó ń gba ímeèlì fi ń dá lẹ́tà padà), kì í gba kọ́bọ̀ kó tó yọ èèyàn kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá nítorí wọn, àpò ara rẹ̀ ló ń wá.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n fi ọ̀rọ̀ tó bá ímeèlì náà padà ránṣẹ́ sí mi. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ blacklist tó ti ilẹ̀kùn sí. Àwọn ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń yẹ ọ̀pọ̀ blacklist wò lẹ́ẹ̀kan náà kàn ń fi àwọ̀ pupa dẹ́rù ba èèyàn ni. Tí ẹni tó dá lẹ́tà yín padà ò bá lò ó, kí ló kàn yín? Tó bá jẹ́ PBL, ọ̀kan nínú àwọn blacklist Spamhaus, kì í ṣe ẹ̀sùn rárá: àkọsílẹ̀ àwọn IP (nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń jẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tí kò yẹ kó máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ tààrà ni, irú èyí tí ráútà ilé ń lò. Ẹni tó bá sì gba 8.8.8.8, ẹ̀rọ Google tó ń bá gbogbo ayé wá àdírẹ́sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ bi Spamhaus léèrè, 127.255.255.254 ni yóò rí. Ìyẹn ò sọ pé IP yín wà níbẹ̀; wọn kì í dá ẹni tó gba ọ̀nà yẹn wá lóhùn ni.

IP tí ẹ̀gbọ́n ń lò kì í ṣe tiwọn nìkan. Ó dà bí ilé olójúlé púpọ̀ ní Nyanya, tó ní mítà kan ṣoṣo: ẹnì kan ò dá owó iná, gbogbo ilé bọ́ sókùnkùn. Lánlọ́ọ̀dù ló máa yanjú rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni IP, ẹ fi lẹ́tà tó padà, ọjọ́ àti wákàtí sí i. Tí kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ méjì, èmi á kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àmọ́ tó bá jẹ́ DBL, blacklist Spamhaus mìíràn, orúkọ domain yín gan-an (èyí tó wà lẹ́yìn @ nínú ímeèlì yín) ló wà níbẹ̀, kò síbi tí ẹ kó lọ tí kò ní bá yín dé.

Tó bá jẹ́ IP tiyín nìkan, ẹjọ́ yín ni. Ẹ wá ibi tó ti ń jò kí ẹ tó bẹ̀bẹ̀: páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n jí, fọ́ọ̀mù WordPress tí robot ń kún, tàbí àdírẹ́sì ímeèlì tí ẹnì kan rà nínú fláàṣì. Ìkẹta yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, torí àdírẹ́sì tí kò lẹ́ni tó ni ín máa ń wà nínú rẹ̀, pańpẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹni tó ń fọ́n lẹ́tà ká. Bí ẹ̀sùn bá dáwọ́ dúró, SpamCop, blacklist ti àwọn ẹlòmíràn, á yọ yín fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí 24. UCEPROTECT, òmíràn nínú wọn, ń dúró ọjọ́ 7, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú. Èmi kì í san án.

Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ ra IP tiwọn báyìí. Mo ní rárá. Lẹ́tà wọn ò pọ̀ tó, Gmail á sì máa fura sí IP tí kò ní ìtàn. Kí wọ́n tún SPF àti DKIM wọn ṣe ná, ìyẹn ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni lẹ́tà ti wá. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Gmail ti ń béèrè ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí i. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn á rò ó.